Yànmọtí Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Yan: Bí A Ṣe Ń Po Sọ́ọ̀sì Sàláàdì Àwọn Ará Jàpáánì Nílé

Ohun tí àwọn tó pè mí ní kí n wá bá yín sọ ni bí èèyàn ṣe lè po sọ́ọ̀sì yànmọtí tí àwọn ará Jàpáánì àti àwọn aládùúgbò wọn fi ń jẹ ewébẹ̀, kó sì pò ó nínú ilé ìdáná ara rẹ̀ láì gbára lé ti inú ìgò. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, nítorí ohun tí mo ní í sọ lórí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Òórùn yànmọtí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, tí a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, òun gan-an ni sọ́ọ̀sì yìí. Fínígà ni o, ṣúgà ni o, òróró ni o, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn ń tò sí. Òórùn náà kì í sì í pẹ́ nínú ìgò. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, àfi kó dáná rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Yànmọtí yìí ni èso wẹ́wẹ́ tí àwọn Hausa ń pè ní rídí, tí àwọn Tiv ń pè ní ishwa tí wọ́n sì fi ń se ọbẹ̀, tí àwọn oníṣòwò tó ń kó o lọ sókè òkun ń pè ní bẹ́nísíìdì. Ẹ̀kukù tí àwọn ìyá wa ń já ewé rẹ̀ sínú ọbẹ̀ jẹ́ ìbátan rẹ̀. Bí ẹ bá ka 1,000 hóró rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, kò ní wúwo ju gíráàmù 3 tàbí 4 lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ìwúwo yẹn ni ó jẹ́ òróró. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ kan fi tó láti sọ àwo ewébẹ̀ gbẹrẹfu di oúnjẹ tó ń mú ni yó.

Ilẹ̀ Jàpáánì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbin yànmọtí mọ́. Nínú gbogbo 100 àpò tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ó lé ní 99 tó jẹ́ pé òkè òkun ló ti wá, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ń tà á fún wọn jù lọ. Yànmọtí funfun tó dára fún jíjẹ, agbègbè Lafia, Keffi àti Doma ní ìpínlẹ̀ Nasarawa ni wọ́n ti ń kó o, àti apá Makurdi ní Benue. Ti Kano àti Jigawa máa ń pọ́n díẹ̀, òróró ni wọ́n sábà ń fún lára rẹ̀. Àgbẹ̀ ló ń fi ọwọ́ kórè rẹ̀, nítorí pé apó èso náà máa ń là fúnra rẹ̀ tó bá gbẹ, hóró inú rẹ̀ á sì dà sílẹ̀. Wọ́n á gé e kó tó là, wọ́n á dì í ní ìdì ìdì, wọ́n á gbé e nàró kí oòrùn pa á, wọ́n á wá dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tapólì, wọ́n á gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, yànmọtí wa á wọ kọ̀ńténà, á la òkun kọjá, wọ́n á yan án lọ́hùn-ún, wọ́n á fi í po sọ́ọ̀sì sínú ìgò, àwa á sì tún lọ rí ìgò bẹ́ẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Ìkẹjà tàbí Lekki, a ó san owó gọbọi sí i. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn, ẹ lè rà á ní kóńgò lọ́wọ́ àwọn Mọ̀lá tó ń ta ẹ̀wà àti ọkà ní ọjà yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yànmọtí lórí sàláàdì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá ọmọ adúláwọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1808, Thomas Jefferson tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà rí òróró yànmọtí gbà láti ìpínlẹ̀ Georgia, ó fi po sàláàdì fún àwọn àlejò rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbádùn rẹ̀ ju òróró ólífì lọ. Nínú lẹ́tà tó kọ lọ́dún náà, ó sọ ọ́ kedere pé àwọn ọmọ Áfíríkà ló mú èso náà dé Carolina, pé àwọn nìkan ni wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń fi í sínú búrẹ́dì, wọ́n sì ń sè é mọ́ ẹ̀fọ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni ó ń sọ o. Wọ́n pàdánù ilé, wọ́n pàdánù orúkọ, síbẹ̀ wọ́n rí ààyè kékeré gbin yànmọtí.

Ṣùgbọ́n Jàpáánì ni mo ní kí n mú yín lọ. Ní ọdún 675, ọba wọn, Tenmu, ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran màlúù, ẹṣin, ajá, ọ̀bọ àti adìyẹ. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àfi ìgbà tó di 1872 tí aráàlú gbọ́ pé ọba wọn, Meiji, ti jẹ ẹran màlúù. Ní gbogbo àárín ìgbà yẹn, àwọn mọ́ńkì ẹ̀sìn Búdà kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹja. Kí ni wọ́n máa fi mú kí ẹ̀fọ́ bíbọ̀ ní adùn àti ọ̀rá? Yànmọtí ni. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀fọ́, wọ́n tún ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sè é títí á fi dì, wọ́n á gé e jẹ. Títí di òní, ẹni tó bá dé òkè Kōya, níbi tí àwọn tẹ́ńpìlì wọn pọ̀ sí, oúnjẹ yànmọtí dídì yẹn ni wọ́n máa gbé kalẹ̀ fún un.

Ewébẹ̀ tútù tí a kò fi omi gbígbóná kàn, ìyẹn pẹ́ kó tó wọ ilé wọn. Ìgbẹ́ èèyàn ni àwọn àgbẹ̀ wọn ń lò bí ajílẹ̀, nítorí náà jíjẹ ewé ní tútù léwu, ó ń kó aràn bá èèyàn. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà lórí ilẹ̀ wọn, àwọn ọmọ ogun náà kò jẹ́ fi ẹnu kan ewébẹ̀ ìlú náà. Ní 1946 wọ́n dá oko sí Chōfu lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tokyo, lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti omi tí wọ́n po ajílẹ̀ sí, láì lo ilẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni sàláàdì tútù ràn kálẹ̀ níbẹ̀. Mayonnaise ti wà ní tiwọn ṣáájú, nítorí ilé iṣẹ́ Kewpie ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á láti 1925. Bí yànmọtí àwọn mọ́ńkì ṣe pàdé mayonnaise àti kábéèjì tútù nìyẹn, tí sọ́ọ̀sì ọlọ́ràá tí ẹ mọ̀ lónìí fi jáde. Mo sọ ìtàn yìí kí ẹ lè mọ̀ pé oríṣi méjì ló wà: ti àtijọ́ tó jẹ́ ti ẹ̀fọ́ bíbọ̀, àti ti ìsinsìnyí tó jẹ́ ti ewébẹ̀ tútù. Ti àtijọ́ ni èmi fẹ́ràn jù, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná.

Yànmọtí ọjà máa ń ní iyanrìn. Ẹ dà á sínú abọ́ omi, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kó simi díẹ̀. Iyanrìn á rì sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré bu yànmọtí láti òkè, ẹ má da omi náà sínú asẹ́, nítorí iyanrìn máa tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe é títí ìsàlẹ̀ abọ́ á fi mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹni tó bá fo ìpele yìí máa gbọ́ ọ lẹ́nu, eyín á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lórí sàláàdì tó dára. Ẹ má wá èyí tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ dandan. Èyí tó ní èèpo korò díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ lágbára jù nígbà tí iná bá kàn án.

Yíyan ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù. Ẹ gbé páànù tó nípọn ka iná kékeré, kó má ní òróró, kó má ní omi. Ẹ da yànmọtí sí i, kó má ju ìpele kan lọ, nítorí bó bá wọ́ jọ, ti ìsàlẹ̀ á ti jó kí ti òkè tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹni tó bá ti yan gààrí rí mọ ohun tó kù: ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Nígbà tó bá yá, hóró tó pẹlẹbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, torí omi inú rẹ̀ ń di ooru. Funfun rẹ̀ á yí padà sí àwọ̀ oyin. Òórùn á dé lẹ́ẹ̀kan náà, á gba gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ ó gbọ́ "pá!", hóró kan á fò kúrò nínú páànù. Àwọn àgbà ilé ìdáná ní Jàpáánì ní bí hóró méjì mẹ́ta bá ti fò báyìí, ó ti tó. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín fọ́ ọ. Àwọn ìka méjì yìí kò lágbára púpọ̀. Bí hóró bá fọ́ kẹ́kẹ́ láàárín wọn, ó ti yan. Bó bá kàn tẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ dá a padà.

Bó bá ti yan, ẹ dà á sórí tíréè lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú páànù pé ẹ ṣáà ti pa iná. Irin náà ṣì gbóná, á máa yan án lọ, bí ìkorò bá sì ti wọ inú yànmọtí, kò sí ṣúgà tó lè lé e jáde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú páànù yẹn, Louis-Camille Maillard, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912. Ṣúgà àti purotéènì inú oúnjẹ ń pàdé nínú ooru, wọ́n ń bí àwọ̀ pupa àti òórùn tuntun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yànmọtí tútù kò ní òórùn tó ṣe é sọ. Iná ló ń bí i. Òórùn yìí fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń bá lọ, pàápàá tí ẹ bá ti lọ hóró náà tí òróró inú rẹ̀ sì yọ sí gbangba. Nítorí náà, ẹ máa tọ́jú yànmọtí ní tútù nínú ohun tó ní ìdérí, ó máa pẹ́. Ẹ yan ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tí ewébẹ̀ ti wà nínú àwo. Mo mọ̀ pé ọwọ́ àwọn tó ń dáná fún èrò máa ń dí. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa mú lọ nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ èyí.

Fún lílọ̀, àwọn ará Jàpáánì ní abọ́ alámọ̀ tí wọ́n ń pè ní suribachi. Inú rẹ̀ kò dán. Wọ́n fi ìlà wẹ́wẹ́ ha á láti ìsàlẹ̀ dé etí, igi ni wọ́n sì ń fi lọ nǹkan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Ghana á ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Akan, tí wọ́n ń pè é ní asanka tí wọ́n fi ń lọ ata. Bí ẹ bá rí asanka rà, ẹ ti bọ́. Bí ẹ ò bá rí i, ọlọ ilé yín ṣe é dáadáa, bó bá ṣe pé wọn kì í lọ ata lórí rẹ̀. Odó kékeré náà tó. Ẹ má gún un bíi pé ẹ fẹ́ pa á. Ẹ yí ọmọ odó mọ́ ara odó, kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kúnná, kí ìyókù ṣì ní hóró díẹ̀ tí eyín á rí fọ́. Bíléńdà kò burú fún èyí tó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lo abọ́ rẹ̀ kékeré tó wà fún lílọ nǹkan gbígbẹ, kẹ́ ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kó máa yí lọ, á gbóná, òróró á yọ, ẹ ó kàn rí i pé ó ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Bí hóró kò bá sì fọ́ rárá, èèpo rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú rẹ̀ máa gba inú wa kọjá láì fi òróró rẹ̀ sílẹ̀.

Ti àtijọ́ kọ́kọ́. Ẹ lọ ṣíbí ìjẹun 3 yànmọtí yíyan. Ẹ po ṣíbí ìjẹun 1 sóyà sọ́ọ̀sì àti ṣíbí ìjẹun 1 ṣúgà mọ́ ọn. Ẹni tí kò fẹ́ dídùn lè dín ṣúgà kù sí ìdajì. Ó parí, kò sí òróró, kò sí fínígà. Àwọn ará Jàpáánì ń fi í po ẹ̀fọ́ kan tó jọ tẹ̀tẹ̀ wa. Tẹ̀tẹ̀ náà gbà á dáadáa, ṣọkọ náà gbà á. Ẹ bọ ẹ̀fọ́ ìdì kan nínú omi tó ń hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 1, ẹ kó o sínú omi tútù kó má baà pọ́n, ẹ fún omi rẹ̀ dànù gírígírí gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ṣe kí ẹ tó dà á sọ́bẹ̀, ẹ gé e, ẹ fi yànmọtí pò ó. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù nìyí: ẹ̀fọ́ wa ni, ó ti gbóná rí, kò sí ẹ̀rù aràn, ọmọdé tó bá ní òun kò fẹ́ ẹ̀fọ́ á sì jẹ ẹ́.

Èyí tó ṣàn, tí wọ́n ń dà sórí kùkúńbà, kárọ́ọ̀tì àti lẹ́túùsì tútù, bó ṣe rí nìyí. Ẹ kọ́kọ́ po ṣíbí ìjẹun 2 sóyà sọ́ọ̀sì àti 2 fínígà ìrẹsì, kí ẹ yọ́ ṣíbí tíì 1 ṣúgà sí i. Ṣúgà gbọ́dọ̀ ṣáájú òróró, nítorí kì í yọ́ nínú òróró. Ẹ rin ata ilẹ̀ tútù tó tó ṣíbí tíì 1 àti àlùbọ́sà díẹ̀ sí i, kí ẹ da ṣíbí ìjẹun 1 yànmọtí lílọ̀ sí i. Ìgbà náà ni kí ẹ máa ro ó bí ẹ ṣe ń da òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà sí i díẹ̀díẹ̀, tó ṣíbí ìjẹun 3. Ìyẹ̀fun yànmọtí á ran òróró àti fínígà lọ́wọ́ láti wà pọ̀ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa pínyà bó bá jókòó, ẹ kàn tún un mì nínú ìgò ni. Òróró yànmọtí aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fún lára èyí tí wọ́n ti yan, ṣíbí tíì 1 péré ni, ní ìgbẹ̀yìn. Òórùn ni a fi í ṣe. Ilé iṣẹ́ Kadoya ti ń fún un ní erékùṣù Shōdoshima láti 1858, àwọn ará Kòríà sì ń fi í po ẹ̀fọ́ bíbọ̀ ní ojoojúmọ́. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ fò ó, ẹ fi yànmọtí kún yànmọtí.

Fínígà ìrẹsì kò kan tó fínígà funfun tí ẹ ń fi fọ ewébẹ̀. Bó bá jẹ́ ti funfun ló wà nílé, ẹ bu omi díẹ̀ là á, tàbí kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ dípò rẹ̀. Ó bá yànmọtí mu púpọ̀.

Ọlọ́ràá tó jọ ti inú ìgò yára ṣe: ṣíbí ìjẹun 4 yànmọtí lílọ̀, 3 mayonnaise, 1½ sóyà sọ́ọ̀sì, 1½ fínígà, 1 ṣúgà, omi díẹ̀ tí á jẹ́ kó ṣàn. Ẹ dà á sórí kábéèjì tí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Tí ẹ bá ti ń fi sàláàdì kíríìmù jẹ kábéèjì níbi ayẹyẹ, ẹ gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ wo èyí tó máa kọ́kọ́ tán.

Ẹ má fi iyọ̀ sí ìkankan nínú wọn, ẹ má fi Maggi sí i. Nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 sóyà sọ́ọ̀sì lásán jẹ́ iyọ̀, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ bù ú níwọ̀n. Kò nílò Ajinomoto pẹ̀lú. Adùn tí ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda rí yọ nínú ewé inú òkun ní Tokyo ní 1908, tó di èròjà funfun tí gbogbo wa mọ̀, ó ti wà nínú sóyà sọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń fi ìwúkàrà sọ ẹ̀wà sóyà àti àlìkámà di kíkan fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Nípa ìtọ́jú: ọlọ́ràá kì í kọjá ọjọ́ 3 sí 4 nínú fíríìjì. Èyí tó ṣàn lè tó ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi aáyù tútù sí i, ẹ má ṣe gbé e sórí tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́. Kòkòrò àrùn kan wà tó fẹ́ràn inú òróró níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, oró rẹ̀ sì ń pa èèyàn. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ti dúró, ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán lóòjọ́ ni kí ẹ pò.

Ó ku ọ̀kan, ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń dáná fún èrò jù. Ara àwọn kan kì í gba yànmọtí. Ètè wọn lè wú, ara lè máa yún wọn, èémí lè há, ó sì lè gba ẹ̀mí wọn bí wọn kò bá tètè dé ilé ìwòsàn. Ní Britain, ó wà lára oúnjẹ 14 tí òfin ní kí olóúnjẹ sọ fún oníbàárà. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 2021 sọ ọ́ di ìkẹsàn-án nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní 2023. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná sínú sọ́ọ̀sì, kò sí ojú tó lè dá a mọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ níbi ayẹyẹ, ẹ kọ ọ́ sí ara abọ́ gàdàgbà pé yànmọtí wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn tó ń bu oúnjẹ kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ àlejò kí wọ́n tó dà á sí i.